Feng shui àti ìwòràwọ̀ àwọn ará Ṣáínà: ibi tí méjèèjì ti pàdé

Láti ìgbà tí fóònù ti dé ọwọ́ gbogbo wa ni ọ̀rọ̀ feng shui ti ń dé etí àwọn èèyàn wa, pàápàá jù lọ ní èdè Faransé. Ẹnì kan á kà á níbì kan pé kí òun yí ibùsùn òun sí ìlà-oòrùn. Ẹlòmíràn á gbọ́ pé ọdún Ẹṣin ni 2026, àti pé kí ẹni tí wọ́n bí ní ọdún Eku máa ṣọ́ra. Ìbéèrè tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni pé: ṣé nǹkan kan náà ni feng shui àti horoscope chinois? Rárá o, wọn kì í ṣe nǹkan kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ń ṣe feng shui bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kò sì mọ ìwòràwọ̀ wọn, àbọ̀ iṣẹ́ ló ń ṣe. Ohun tí a fẹ́ là yé yín nìyí: ibi tí ìwòràwọ̀ gbà wọ inú feng shui, ohun tó ń ṣe níbẹ̀, àti ibi tí owó èèyàn ti lè wọgbó.

Afẹ́fẹ́ àti omi

Ìtumọ̀ feng shui ni "afẹ́fẹ́ àti omi". Ìmọ̀ àtijọ́ ni, nípa bí a ṣe ń yan ibi tí a ó sin òkú sí, ibi tí a ó kọ́ ilé tàbí ìlú sí, àti ìhà tí a ó kọjú ilé sí. Òkú la kọ́kọ́ dárúkọ, a ò ṣì í sọ. Zangshu, ìwé tí àwọn oníṣẹ́ yìí bọ̀wọ̀ fún gan-an, ìwé ìsìnkú ni; wọ́n ní Guo Pu, tó kú ní ọdún 324, ló kọ ọ́. Èrò wọn ni pé èémí kan ń rìn nínú ilẹ̀, qi lorúkọ rẹ̀, ó ń dún bíi "tchi" lẹ́nu ẹni tó gbọ́ Faransé. Afẹ́fẹ́ a máa tú u ká, omi a máa dá a dúró. Ibi tí òkè bá wà lẹ́yìn, tí omi wà níwájú, tí òkè kéékèèké sì gbá a mú lọ́tùn-ún lósì bí apá àga, ibẹ̀ ni èémí náà ń kó jọ sí. Bí wọ́n bá sin bàbá síbẹ̀, àwọn ọmọ ló máa jẹ èrè rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan ń wo ìrísí ilẹ̀: òkè, odò, ọ̀nà. Agbègbè Jiangxi ló ti gbilẹ̀, Yang Yunsong tó gbé ayé nígbà ìjọba Tang ni wọ́n sì ń pè ní bàbá rẹ̀. Ìkejì ń lo boussole àti ìṣirò, Fujian ló ti gbilẹ̀ ní tirẹ̀, nígbà ìjọba Song. Inú ọ̀nà kejì yìí ni ìwòràwọ̀ pọ̀ sí jù. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìràwọ̀, bí ẹ ó ṣe rí i báyìí.

Ìràwọ̀ ti wà kí orúkọ feng shui tó wà

Ẹ bi oníṣẹ́ feng shui pé kí ni òkè tó wà lápá òsì ilé ń jẹ́. Yóò ní Dírágónì Aláwọ̀ Ewéko. Ti apá ọ̀tún ni Ẹkùn Funfun, ti ẹ̀yìn ilé ni Ìjàpá Dúdú, ti iwájú ni Ẹyẹ Pupa. Àwọn tó ń ta ère fi ẹranko mẹ́rin yìí pa owó gan-an, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ ni wọ́n. Àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ pín ọ̀nà tí òṣùpá ń gbà lójú ọ̀run sí ilé 28, wọ́n sì pín in fún àwọn ẹranko mẹ́rin náà, méje méje. Dírágónì gba ìlà-oòrùn, ẹkùn gba ìwọ̀-oòrùn, ẹyẹ gba gúúsù, ìjàpá gba àríwá. Bí ilé bá kọjú sí gúúsù, apá òsì rẹ̀ ni ìlà-oòrùn máa bọ́ sí. Ìdí tí dírágónì fi wà lósì kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1987, ní Xishuipo nítòsí ìlú Puyang, ní agbègbè Henan, wọ́n hú ibojì kan tó ti tó bíi 6000 ọdún. Wọ́n fi ìkarahun to àwòrán dírágónì sí ẹ̀gbẹ́ kan òkú náà, wọ́n to ti ẹkùn sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn onímọ̀ kan ní àwòrán ìràwọ̀ ni, àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí tí kò ní àríyànjiyàn wà nínú ibojì ìjòyè Yi ti ìlú Zeng, tí wọ́n sin ní nǹkan bíi 433 ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Wọ́n bá àpótí kan níbẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ilé òṣùpá 28 sí ọmọrí rẹ̀, wọ́n ya dírágónì àti ẹkùn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọ̀nyẹn.

Ọ̀kan lára àwọn ilé òṣùpá náà dùn mọ́ wa nínú. Yingshi ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ mọ́ ilé kíkọ́. Ó wà lára ìràwọ̀ mẹ́rin tí àwọn Faransé ń pè ní Carré de Pégase. Nígbà àtijọ́, bí wọ́n bá ti rí i lókè ní ìhà gúúsù nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n mọ̀ pé ìkórè ti parí, òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ọwọ́ àgbẹ̀ ti dilẹ̀: àkókò tó láti kọ́ ilé. Ọgbọ́n àgbẹ̀ ni, kò sí awo kankan níbẹ̀. Àwa náà, ta ni í mọ ilé amọ̀ láàárín òjò? Láti irú ìmọ̀ báyìí ni èrò náà ti dàgbà pé ọjọ́ wà fún ilé, ìhà sì wà fún ọjọ́.

Kíka ọdún, oṣù, ọjọ́ àti wákàtí

Ìwòràwọ̀ là ń pè é, àmọ́ oníṣẹ́ rẹ̀ kì í sábà gbójú sókè wo ọ̀run. Kíka ló ń ka, bí àwa náà ṣe ń ka ọjọ́ ọjà. Horoscope ti àwọn aláwọ̀ funfun ń wo oṣù tí wọ́n bí èèyàn. Ti Ṣáínà ń lo ọ̀wọ́ méjì tó ń yí pọ̀: ìtì ọ̀run mẹ́wàá àti ẹ̀ka ilẹ̀ méjìlá. Bí ẹ bá ń to méjèèjì pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ máa ka 60 kí ẹ tó padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka méjìlá náà ni wọ́n fún ní orúkọ ẹranko: Eku, Màlúù, Ẹkùn, Ehoro, Dírágónì, Ejò, Ẹṣin, Ewúrẹ́, Ọ̀bọ, Àkùkọ, Ajá, Ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn ìtì mẹ́wàá ló ń mú igi, iná, ilẹ̀, irin àti omi wá, méjì méjì.

Ọ̀nà kúkúrú kan wà láti mọ̀ ọ́n. Ẹ wo nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ọdún: 0 àti 1 irin ni, 2 àti 3 omi, 4 àti 5 igi, 6 àti 7 iná, 8 àti 9 ilẹ̀. Ọdún 1960, tí Dahomey àti Togo gba òmìnira, ọdún Eku onírin ni. Eku onírin tún padà dé ní 2020.

Ẹ ṣọ́ra fún oṣù kìíní àti oṣù kejì. Ọdún tuntun ti Ṣáínà máa ń bọ́ sí àárín 21 oṣù kìíní sí 20 oṣù kejì, kì í dúró sójú kan. Ẹni tí wọ́n bí ní 10 oṣù kìíní 1960 kì í ṣe Eku rárá, ọdún tó ṣáájú ló ni ín. Àwọn oníṣẹ́ feng shui tiẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tiwọn lọ́tọ̀: ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Lichun, ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, tó máa ń bọ́ sí nǹkan bíi 4 oṣù kejì. Oòrùn ló ń pinnu ọjọ́ yìí, òṣùpá kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ horoscope chinois sínú ìwé ìròyìn kì í sọ èyí fún yín.

Ẹranko ọdún ni gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n òun ló kéré jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó mọṣẹ́ máa béèrè ọdún, oṣù, ọjọ́ àti wákàtí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ní ìtì kan àti ẹ̀ka kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ àmì mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní bazi, ìyẹn "àmì mẹ́jọ", tàbí òpó mẹ́rin. Láti ìgbà Xu Ziping, nígbà ìjọba Song, ìtì ọjọ́ ni wọ́n fi ń dúró fún ẹni náà fúnra rẹ̀. Wọ́n á wá wo bóyá iná ti pọ̀ jù nínú ìyókù, tàbí omi kò tó. Ohun tó bá kù díẹ̀ káàtó ni feng shui máa ń wá ọ̀nà láti fi kún un: ìhà tí yóò máa sùn sí, àwọ̀ tí yóò kun ògiri, ibi tí yóò gbé iná ìdáná sí.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a wà ní Benin àti Togo. Àwọn bàbá àti ìyá wa mélòó ni ìwé ìbí wọn ní "né vers 1948" nínú? Kò sí oṣù, kò sí ọjọ́, ká má tiẹ̀ sọ̀rọ̀ wákàtí. Bazi kò ṣeé ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá ka òpó mẹ́rin fún un, àròsọ ló ń kà.

Ibi tí àkókò ti di ìhà

Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn béèrè ni pé: báwo ni ọjọ́ ìbí ṣe lè kan ògiri ilé? Ìdáhùn rẹ̀ wà lójú luopan, ìyẹn boussole àwọn oníṣẹ́ feng shui. Abẹ́rẹ́ kékeré ló wà láàárín rẹ̀, gúúsù ni àwọn ará Ṣáínà sì ń kà sí orí abẹ́rẹ́ náà. Òrùka lórí òrùka ló yí i ká, wọ́n kọ àmì sí gbogbo wọn. Òrùka tó ṣe pàtàkì jù pín ayé sí ìhà 24, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ degree 15. Nínú 24 yẹn, 12 ni ẹ̀ka ilẹ̀, àwọn ẹranko yẹn kan náà. Mẹ́jọ jẹ́ ìtì ọ̀run (méjì tó kù jẹ́ ti ilẹ̀, àárín ni wọ́n ń gbé, wọn kò ní ìhà), mẹ́rin tó ṣẹ́ kù sì wá láti inú àmì Yijing.

Nítorí náà, àmì kan náà ni wọ́n fi ń ka wákàtí, oṣù, ọdún àti ìhà. Eku ni ọdún 2020, òun náà ni àríwá, òun ni láti aago 11 alẹ́ sí aago 1 òru, òun ni oṣù tí òru gùn jù ní Ṣáínà, ní oṣù kejìlá. Ẹṣin ni gúúsù, òun ni ọ̀sán gangan, òun ni oṣù kẹfà. Ehoro ni ìlà-oòrùn àti òwúrọ̀, Àkùkọ ni ìwọ̀-oòrùn àti ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá ti mú èyí, ẹ ti mú gbogbo rẹ̀. Ọdún kan ń "jókòó" sí ìhà kan. Èèyàn kan náà ń jókòó sí ìhà kan, nítorí ọdún tí wọ́n bí i. Ilé sì rèé, ó kọjú sí ìhà kan. Iṣẹ́ oníṣẹ́ feng shui ni láti wò ó bóyá àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ń bára wọn jà.

Luopan kò bẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ní ibojì ìjòyè Ruyin ní Fuyang, agbègbè Anhui, ìbojì ọdún 165 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n bá pátákó kan tí ó ní apá méjì: roboto tó dúró fún ọ̀run, tó ń yí lórí igun mẹ́rin tó dúró fún ilẹ̀. Àwọn awòràwọ̀ ló ń lò ó, wọ́n á yí ọ̀run títí yóò fi bá wákàtí mu. Àwọn onímọ̀ rí ìran luopan nínú rẹ̀.

Ìlò rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù ni Tai Sui, ẹni tí a lè pè ní Olórí Ọdún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba Jupiter ní ọdún 12 kí ó tó yí ọ̀run po. Àwọn awòràwọ̀ Ṣáínà fi òǹkà ṣe ìkejì rẹ̀, èyí tí ojú kò lè rí, tó ń rìn ní ọ̀nà òdìkejì. Tai Sui nìyẹn. Ìhà tó bá wà lọ́dún kan, èèwọ̀ ni láti gbẹ́ ilẹ̀, wó ògiri tàbí gé igi ńlá níbẹ̀. Ní ọdún Ẹṣin, gúúsù ló wà. Ẹni tí wọ́n bí ní ọdún Ẹṣin, àti ẹni ọdún Eku tó dojú kọ ọ́ láti àríwá, ni wọ́n ń sọ pé ó ṣẹ Olórí Ọdún. Wọ́n á lọ sí tẹ́ńpìlì láti tù ú. Ní Baiyun Guan, tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Tao ní Beijing, yàrá kan wà tí ère Tai Sui 60 wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ náà. Kálukú á lọ síwájú ti ọdún rẹ̀.

Nọ́ńbà ọkọ, nọ́ńbà ìyàwó

Èyí tí ẹ máa bá pàdé jù lórí fóònù ni ming gua, tàbí nọ́ńbà kua. Kò le rárá. Fún ọkùnrin tí wọ́n bí ṣáájú 2000: ẹ ro nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn ọdún pọ̀ títí yóò fi ku ẹyọ kan, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 10. Fún obìnrin: ẹ fi 5 kún un, kí ẹ tún rò ó pọ̀ títí yóò fi ku ẹyọ kan. Láti 2000 síwájú, 9 ni ẹ máa yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ fún ọkùnrin, 6 ni ẹ máa fi kún un fún obìnrin. Bí ó bá já sí 5, ọkùnrin á gba 2, obìnrin á gba 8. Ẹni tí wọ́n bí ṣáájú 4 oṣù kejì, ọdún tó ṣáájú ni kó fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ kan tí wọ́n bí ní 1972. 7 àti 2 jẹ́ 9. 10 yọ 9, ó ku 1. Ìyàwó rẹ̀, 1978: 7 àti 8 jẹ́ 15, 1 àti 5 jẹ́ 6, 6 àti 5 jẹ́ 11, ó di 2. Nọ́ńbà 1, 3, 4 àti 9 ni ẹgbẹ́ ìlà-oòrùn; ìhà tó dára fún wọn ni àríwá, gúúsù, ìlà-oòrùn àti gúúsù-ìlà-oòrùn. Nọ́ńbà 2, 6, 7 àti 8 ni ẹgbẹ́ ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ìhà mẹ́rin tó kù ni tiwọn. Ọkọ bọ́ sí ẹgbẹ́ kan, ìyàwó bọ́ sí òmíràn. Ibo ni kí wọ́n wá kọjú ibùsùn sí?

Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà fúnra wọn kò fẹnu kò. Àwọn kan ní ti ọkọ ni kí wọ́n lò, àwọn kan ní kí ibùsùn jẹ́ ti ìyàwó, kí ilẹ̀kùn jẹ́ ti ọkọ. Àwọn kan tún wà tí wọ́n máa ń sọ fún tọkọtaya pé kí wọ́n máa sùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí pé ìgbéyàwó náà kò bá ara rẹ̀ mu. Èyí ló ń bí wa nínú. Ìdajì nọ́ńbà wà lápá kan, ìdajì wà lápá kejì. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya gbọ́dọ̀ bọ́ sí ẹgbẹ́ méjì, kò sí bí kò ṣe ní rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò tí kò mọ̀ ju ọdún ìbí lọ kò lè mọ ohun tó wà láàárín ọkọ àti aya.

Ìṣirò mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní Xuan Kong, ìràwọ̀ mẹ́sàn-án tó ń fò. Ilé ni èyí ń fún ní ọjọ́ ìbí: ọdún tí wọ́n parí rẹ̀ àti ìhà tó kọjú sí. Ọdún 20, 20 ni wọ́n pín àkókò sí, ìgbà mẹ́sàn-án jẹ́ 180 ọdún. A wọ ìgbà kẹsàn-án, ti iná, ní oṣù kejì 2024. Àwọn ìràwọ̀ mẹ́sàn-án náà, méje wà ní ojú ọ̀run nínú èyí tí àwọn Faransé ń pè ní Grande Ourse. Méjì tó kù, ojú lásán kì í rí wọn.

Ọjọ́ ìsìnkú ọmọ ọba

Nínú gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́ yìí, yíyan ọjọ́ ni ìwòràwọ̀ ti lágbára jù, òun náà ló sì ti pa èèyàn. Ìwé kàlẹ́ńdà kan wà tí wọ́n ń pè ní Tongshu. Lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ohun tó dára láti ṣe àti ohun tí kò dára: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ṣíṣí ṣọ́ọ̀bù, gbígbé òpó ilé ró. Ó tún ń sọ ẹranko tí ọjọ́ náà ń bá jà. Ọjọ́ Ẹṣin ń bá Eku jà, ọjọ́ Ehoro ń bá Àkùkọ jà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń padà wá ní ọjọ́ 12, 12. Kò yẹ kí èyí ṣe wá ní kàyéfì, àwa tí a ní Ọjọ́ Ẹtì, tí àgbàlagbà kì í fẹ́ dá nǹkan tuntun sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní ààfin Beijing, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ọ́fíìsì ìjọba kan wà tó ń ṣe kàlẹ́ńdà, tó ń ṣọ́ ojú ọ̀run, tó sì ń yan ọjọ́ àti ilẹ̀ ìsìnkú fún ìdílé ọba. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba Qing, àlùfáà Kátólíìkì kan láti Köln ní Jámánì, Adam Schall von Bell, ará ẹgbẹ́ Jésuites, ló jẹ́ olórí ibẹ̀, nítorí pé ìṣirò òṣùpá àti oòrùn tirẹ̀ péye ju ti àwọn yòókù lọ. Ní 1658, ọmọ ọwọ́ kan tí ọba Shunzhi fẹ́ràn gan-an kú. Oṣù díẹ̀ péré ló lò láyé. Ọ́fíìsì náà yan ọjọ́ àti wákàtí ìsìnkú. Ní 1660, ìyá ọmọ náà kú. Ní 1661, ọba fúnra rẹ̀ kú, ìgbóná ló pa á.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yang Guangxian, tó kórìíra àwọn àlùfáà òyìnbó, mú ẹjọ́ lọ ní 1664. Ó ní ọ̀nà tí kò tọ́ ni wọ́n fi ka igi, iná, ilẹ̀, irin àti omi nígbà tí wọ́n yan ìsìnkú ọmọ náà, àti pé ìyẹn ló fa ikú ìyá àti bàbá rẹ̀. Ẹ̀sùn mìíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ti ẹ̀sìn àti ti ọ̀tẹ̀, ṣùgbọ́n ti ìsìnkú yìí ló wúwo. Schall ti darúgbó nígbà yẹn, ẹ̀gbà ti mú un, kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Àlùfáà ọ̀dọ́ kan láti Bẹ́ljíọ̀mù, Ferdinand Verbiest, ló ń gbẹnu sọ fún un. Ní 1665, wọ́n dájọ́ ikú fún Schall. Kò pẹ́ sígbà náà ni ilẹ̀ mì tìtì ní Beijing, àwọn èèyàn ààfin kà á sí ìbínú ọ̀run, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Ó kú ní 1666. Àwọn òṣìṣẹ́ márùn-ún tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ṣáínà, tí wọ́n jẹ́ Kristẹni, tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì náà, kò rí àánú gbà. Wọ́n bẹ́ wọn lórí.

Yang di olórí ọ́fíìsì náà, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà kò gbọ́ tirẹ̀. Ní ìparí 1668, ọ̀dọ́ ọba Kangxi ní kí wọ́n dán ara wọn wò ní gbangba: kí wọ́n ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, kí kálukú sọ bí òjìji rẹ̀ yóò ṣe gùn tó lọ́sàn-án. Verbiest sọ ọ́, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ní 1669, wọ́n yọ Yang, wọ́n fi Verbiest síbẹ̀, wọ́n dá Schall láre lẹ́yìn ikú. Ẹ wo ohun tí ìdánwò náà lè fi hàn àti ohun tí kò lè fi hàn. Òjìji ọ̀pá ṣeé wọ̀n. Ọjọ́ ìsìnkú tó "dára" kò ní ọ̀pá tí a lè fi wọ̀n ọ́n. Kò sì sẹ́ni tó fòpin sí yíyan ọjọ́ nítorí ìyẹn: ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọba Qianlong tiẹ̀ ní kí wọ́n ṣe ìwé ńlá kan, Xieji Bianfang Shu, láti tún àwọn òfin ọjọ́ àti ìhà tó ń ta kora ṣe.

Lóde òní

Lẹ́yìn 1949, ìjọba Kọ́múníìsì ka feng shui sí ìgbàgbọ́ asán, wọ́n sì gbógun tì í. Hong Kong àti Taiwan ló pa á mọ́. Ní àwọn abúlé New Territories ní Hong Kong, bí ìjọba bá fẹ́ la ọ̀nà tàbí gbẹ́ òkè tó wà lẹ́yìn abúlé, àwọn ará abúlé lè béèrè owó ètùtù tí wọ́n ń pè ní tun fu, ìjọba á sì san án. A mọ abúlé púpọ̀ níhìn-ín tí inú wọn ì bá dùn bí ẹni tó ń la ọ̀nà bá kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Èyí tó dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà yàtọ̀ pátápátá. Lin Yun, tó ń kọ́ni ní Berkeley ní California, gbé ọ̀nà kan jáde tí kò lo boussole, tí kò béèrè ọjọ́ ìbí. Ẹ̀yin á kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó pín ilé sí apá: ibi owó, ibi ìgbéyàwó, ibi ọmọ. Àwọn ìwé Faransé tó ń sọ pé kí ẹ gbé ewéko sí igun owó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti yá a. Kò sí ìwòràwọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá wá da méjèèjì pọ̀, tó béèrè wákàtí ìbí yín kó tó gbé ewéko sí igun, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Agbára tí kíka ọdún lè ní lórí èèyàn, Japan ló fi hàn wá. Wọ́n ń ka ọ̀wọ́ 60 kan náà níbẹ̀, wọ́n sì gbàgbọ́ pé obìnrin tí wọ́n bí ní ọdún Ẹṣin oníná máa le, á sì pa ọkọ rẹ̀. Ọdún Ẹṣin oníná bọ́ sí 1966. Ní 1965, ọmọ bíi 1,820,000 ni wọ́n bí ní Japan. Ní 1966, ó já wálẹ̀ sí bíi 1,360,000. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tún padà gòkè. Ẹṣin oníná náà ni 2026.

Ohun kan ṣì wà tí àwọn tó ń gbé feng shui wá sọ́dọ̀ wa kì í rò. Gúúsù jẹ́ iná àti ọ̀sán nítorí pé ní Ṣáínà, gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà. Ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Porto-Novo, láti bíi ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá. Ẹ wo òjìji yín lọ́sàn-án oṣù kẹfà, ẹ ó rí i pé gúúsù ló nà sí. Ilé tó kọjú sí gúúsù kò gba irú oòrùn kan náà níhìn-ín àti ní Beijing. Bí oníṣẹ́ náà kò bá lè sọ ohun tó fẹ́ ṣe sí èyí, ìwé ẹlòmíràn ló ń kà fún yín.

Ọwọ́ wa kò ba ẹ̀rí kankan tó fi hàn pé ọdún ìbí èèyàn ń yí ohun tí ilé rẹ̀ ń ṣe fún un padà. Atẹ́gùn tó ń wọlé, omi tí kì í dúró sẹ́yìn ilé, ilẹ̀kùn tí ọyẹ́ kì í gbá, ìyẹn ò nílò bazi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n fún ìmọ̀, tàbí tó ń bá àwọn ará Ṣáínà ṣòwò, tó fẹ́ mọ ìdí tí wọn kò fi fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, àwọn ọjọ́ rèé: ọdún Ẹṣin bẹ̀rẹ̀ ní 17 oṣù kejì 2026, ti Ewúrẹ́ ní 6 oṣù kejì 2027, ti Ọ̀bọ ní 26 oṣù kìíní 2028. Fún oníṣẹ́ feng shui, 4 oṣù kejì ni ọdún ń yí padà ní ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.